Rédíò ni àbí ẹnu ìyá ọmọ? Ìfiwéra ọ̀nà tí jẹ́lé-ó-sinmi ní Àkúrẹ́ fi lè rí ọmọ tuntun

Ìwé ọmọ iléèwé kan wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi tí mo fi rúlà fa òpó márùn-ún sí: orúkọ òbí, ọjọ́ orí ọmọ, àdúgbò, nọ́ńbà fóònù, èyí tó gbẹ̀yìn wá ni "Ta ló júwe wa fún yín?" Ẹnikẹ́ni tó bá ti ẹsẹ̀ bọ ọgbà wa lójú ọ̀nà Ọ̀dà láti béèrè ààyè fún ọmọ, ìwé yẹn la kọ́kọ́ ń ṣí, kódà tí kò bá ní ra fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi kékeré bíi tèmi sọ, inú òpó karùn-ún yẹn ni mo ti rí i.

Tí oṣù kẹjọ bá ti ń lọ sópin, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wa ń sọ: báwo lọmọ tuntun ṣe máa wọlé? Ẹnìkan á ní ẹ lọ sí rédíò. Òmíràn á ní báńnà ni. Àwọn ọmọ tó ń ṣe ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ní Facebook ló kù. Alága àwọn òbí á fà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Màdáámù, ẹ dín owó kù, ẹ ó rí èrò." Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. Àmọ́ owó tó wà lápò kò tó ká fi ṣe gbogbo ẹ̀, àìsàn tó ń ṣe iléèwé tèmi sì lè má jẹ́ òun ló ń ṣe tiyín. Ìdí nìyẹn tí mo fi tò wọ́n ní méjì méjì, kí olúkálùkù lè mú èyí tó bá a lára mu.

Ibo lèrò ti ń já bọ́?

Kẹ́ ẹ tó fi ọ̀nà kan wé èkejì, ẹ ka nǹkan mẹ́ta fún táàmù kan: iye ẹni tó pè tàbí tó yà láti béèrè, iye ẹni tó wọnú ọgbà tó sì wo kíláàsì, iye ẹni tó sanwó. Tó bá jẹ́ pé èèyàn kì í béèrè yín rárá, a jẹ́ pé wọn ò mọ̀ yín ni. Ọ̀rọ̀ rédíò, báńnà àti WhatsApp kàn yín. Tí wọ́n bá ń béèrè àmọ́ tí wọn kì í wá wò yín, ẹ yẹ ẹni tó ń gbé fóònù wò. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n ń wọlé, wọ́n ń yẹ ibi gbogbo wò, wọ́n ní "A ń padà bọ̀ mà," tẹ́ ẹ ò sì rí wọn mọ́, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀ sórí ìpolówó. Ńṣe ni ìpolówó á kàn máa kó èrò sí i wá wo ohun tó ń lé wọn lọ.

Ojú mi ti rí i. Lọ́dún kan, a polówó lórí rédíò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Jíńgùlù náà dùn, àwọn ọmọ wa fúnra wọn ló kọrin inú ẹ̀. Lẹ́yìn ìròyìn ọ̀sán ni wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, torí àkókò yẹn kò wọ́n tó ti òwúrọ̀. Ohun tá ò rò ni pé ọ̀sán yẹn gan-an làwọn ọmọ wa máa ń sùn. Àǹtí tí fóònù iléèwé wà lọ́wọ́ ẹ̀ á pa ohùn ẹ̀, á jù ú sí báàgì, kó má baà jí wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo gba fóònù náà láti fi wá nọ́ńbà ẹnìkan, ni mo bá bá ìpè mẹ́tàdínlógún tí ẹnikẹ́ni ò gbé. Mo pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Ìyá kan dá mi lóhùn pé, "Ẹ má bínú mà, ó ti bẹ̀rẹ̀ níbòmíì láti ọjọ́ Ajé." Owó ìpolówó lọ, ọmọ méjì péré ló wọlé. Mi ò lè bá rédíò jà.

Rédíò tàbí báńnà

Ará Àkúrẹ́ fẹ́ràn rédíò. Adaba 88.9, Orange 94.5, Positive 102.5: ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ti mẹkáníìkì tẹ́ ẹ bá dé, ọ̀kan nínú wọn á máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tí rédíò mọ̀ ọ́n ṣe ni pé ó ń buyì kún orúkọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ yín lórí afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta á gbà pé iléèwé gidi ni. Àléébù ẹ̀ sì ni pé etí tó ń gbọ́ ọ pọ̀ ju ẹsẹ̀ tó lè dé ọ̀dọ̀ yín lọ. Wọ́n ń gbọ́ Adaba títí wọ Èkìtì. Kí lẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ fi jẹ́lé-ó-sinmi ojú ọ̀nà Ọ̀dà ṣe? Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í rìnrìn àjò lọ síléèwé. Nínú ìwé mi, àdúgbò tí wọ́n ń kọ sí òpó kẹta kì í sábà kọjá ibi tí ọ̀kadà lè gbé èèyàn dé kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Báńnà ò níyì tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ mú ọmọ wá ló ń kà á. Àṣìṣe wa ni pé a máa ń kó gbogbo ayé sí i lára: fọ́tò ọmọ òyìnbó tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ Bíbélì, kọ̀ǹpútà, káráté, nọ́ńbà fóònù mẹ́rin. Ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ láti fi kà á. Orúkọ iléèwé, ọjọ́ orí ọmọ tẹ́ ẹ ń gbà, aago tẹ́ ẹ ń ṣí àti aago tẹ́ ẹ ń pa, nọ́ńbà kan. Ó tán. Kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́ sójú títì, ẹ rántí pé ìjọba ń gbowó lórí pátákó ìpolówó. Ẹ bi wọ́n léèrè tẹ́lẹ̀, torí tí wọ́n bá wá yọ ọ́, owó ìtẹ̀wé ti wọmi. Òjò àti oòrùn náà ò gba gbẹ̀rẹ́. Èyí tẹ́ ẹ gbé síta ní oṣù kẹfà lè ti ṣá kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, báńnà tó sì ti ṣá ń sọ nǹkan mìíràn nípa iléèwé yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ kọ sára ẹ̀.

Ká fowó sọ ọ́. Ká ní rédíò gba 120,000 náírà lọ́wọ́ yín, ọmọ mẹ́ta sì tipa bẹ́ẹ̀ wọlé: 40,000 lẹ ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 40,000 náà lowó táàmù yín, owó táàmù àkọ́kọ́ ọmọ yẹn ti bá rédíò lọ. Kì í ṣòfò tó bá dúró fún ọdún mẹ́ta, torí 360,000 ni yóò san kó tó wọ praimárì. Òfò ni tó bá lọ ní Kérésìmesì. Torí náà, iléèwé tí ò tíì pé ọdún méjì, tí ò tíì mọ̀ bóyá ọmọ ń dúró lọ́dọ̀ òun, èmi ò ní gbà á níyànjú pé kó lọ sí rédíò. Ti iléèwé tó ní bọ́ọ̀sì tó ń ti Ìjàpọ̀ gbé ọmọ dé Ọbà-Ilé yàtọ̀. Ẹsẹ̀ tiwọn gùn.

WhatsApp tàbí Facebook

Àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ọ̀fẹ́. Dátà kì í ṣọ̀fẹ́ ṣá, àsìkò Àǹtí tó ń ya fọ́tò náà kì í ṣọ̀fẹ́.

Ẹni tó ti mọ̀ yín ni WhatsApp wà fún. Status tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀, wákàtí 24 ni, ẹni tó fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù ẹ̀, tẹ́yin náà fi tiẹ̀ pamọ́, ló sì lè rí i. Broadcast, ìyẹn ìkéde kan tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ló rí: èèyàn 256 ni lísìtì kan ń gbà, ẹni tí ò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ ò ní rí ìkéde yín gbà. Mo mọ iléèwé tó ń fi ìkéde ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó rò pé gbogbo ìlú ti gbọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí tó ti ń sanwó níbẹ̀ nìkan ló ń kà á. Ibi tí WhatsApp ti ń mú ẹlòmíì wá ni ìgbà tí ìyá ọmọ bá gbé e sórí status tirẹ̀. Ẹ fi fídíò ọmọ ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe ti iléèwé: ọmọ náà dúró, ó ń ka ewì, ó gbàgbé ìlà kẹta, ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá a lọ. Kò sí ìyá tí ò ní gbé ìyẹn síta kílẹ̀ tó ṣú, àwọn tó sì máa wò ó, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ ni.

Facebook ń bá àjèjì sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá sanwó, ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ mú ìlú àti iye kìlómítà tí ìpolówó yín á dé, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ láìmú ibì kankan, ará Èkó ló máa kún ẹ̀ tí yóò máa bi yín pé "Èló ni?" Ẹ mú un sí àyíká yín nìkan. Mo tún rí i pé àwọn bàbá ló ń béèrè níbẹ̀ jù, àwọn ìyá ló sì ń wá wò wá. Bí bàbá bá béèrè, ẹ fi ọgbọ́n gba nọ́ńbà ìyá.

Ẹ gbé iléèwé yín sórí Google Maps pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é, ẹ kàn máa tún aago àti fọ́tò ṣe. Ẹni tó dé ìlú láìpẹ́ ló ń fi èyí wá iléèwé: olùkọ́ tuntun ní FUTA, òṣìṣẹ́ bánkì tí wọ́n gbé wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Wọn ò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó máa júwe iléèwé fún wọn ní Àkúrẹ́, fóònù ni wọ́n ń bi.

Ohun kan ò gbọdọ̀ bọ́ nínú gbogbo èyí o. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó lo ohun tó jẹ mọ́ ọmọ ẹ̀, fọ́tò sì wà nínú ẹ̀. Ẹ fi ìlà kan sínú fọ́ọ̀mù ìwọlé fún un, kẹ́ ẹ sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá ní òun ò fẹ́. Ìyá kan lè máa sá fún ẹnìkan tẹ́yin ò mọ̀.

Ẹ̀dínwó fún ẹni tuntun, tàbí ẹ̀dínwó fún ẹni tó mú un wá

Ibí yìí la ti ń ṣìnà jù, torí náà mo fẹ́ jókòó tì í díẹ̀.

Ká ní ọmọ ọgbọ̀n lẹ ní, 40,000 lẹ ń gbà ní táàmù. Ẹ wá kéde pé ọmọ tuntun á san ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. 8,000 lẹ yọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí mẹ́wàá bá wọlé, 80,000. Kò pọ̀ jù lójú. Àmọ́ Àkúrẹ́ la wà. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ìyá tó ti ń sanwó fún yín láti ọdún méjì ti gbọ́, yóò sì dúró síwájú tábìlì yín pé, "Àwa tá a ti ń bá yín bọ̀ wá di òmùgọ̀ nìyẹn?" Tẹ́ ẹ bá fún òun náà, ẹ máa fún gbogbo wọn: 8,000 lọ́nà ọgbọ̀n, 240,000 nìyẹn. Tẹ́ ẹ ò bá fún un, ẹnu ẹ̀ tó ń polówó yín lọ́fẹ̀ẹ́ ti pa mọ́. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, tí owó bá padà sí 40,000, àwọn kan nínú mẹ́wàá tuntun á ṣí lọ síbi tí ẹ̀dínwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá torí owó wá á torí owó lọ.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004, èyí tá à ń pè ní UBE, ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ sì fi ọdún kan fún ọmọ ọdún márùn-ún kó tó wọ praimárì. Èyí ni pé òbí tí owó nìkan jẹ lógún ní iléèwé ìjọba tó lè lọ. Ẹ̀dínwó yín ò lè borí ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ yín, nǹkan mìíràn ló ń wá, ohun tó sì yẹ kẹ́ ẹ wádìí nìyẹn kẹ́ ẹ tó fa ìlà pupa sórí iye owó.

Ẹ wá wo èkejì. Òbí tó bá mú ọmọ tuntun wá, ẹ yọ 5,000 fún un nínú owó táàmù tó ń bọ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí tuntun ra fọ́ọ̀mù, bí kò ṣe ìgbà tó bá san owó táàmù kejì. Ọmọ mẹ́wàá, 50,000, kò sì sí kọ́bọ̀ tó máa jáde fún ẹni tí ò dúró. Ìyá tó bá mọ̀ pé òun á jẹ nínú ẹ̀ nígbà tí ẹni tuntun bá dúró, á bá yín tọ́jú ẹni tó mú wá: á sọ fún un pé Àǹtí yẹn le lójú ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọmọ, á ní kó má ṣàníyàn tí ọmọ bá sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mélòó nínú wa ló lè sọ bẹ́ẹ̀ kí òbí gbà á gbọ́?

Àléébù ẹ̀ ò ṣàìsí. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kò lè kún kíláàsì láàárín oṣù kan. Iléèwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ò sì ní òbí tó máa júwe ẹ̀. Ó sì tún máa ń kó irú kan náà jọ: tó bá jẹ́ aláṣọ Ọjà Ọba ló pọ̀ lọ́dọ̀ yín, aláṣọ lẹ máa túbọ̀ rí. Èmi ò ka ìyẹn sí wàhálà, àmọ́ ẹlòmíì lè kà á sí.

Àwọn tó ń júwe wa kì í ṣe òbí nìkan. Nínú òpó karùn-ún yẹn, mo ti rí "ìyá eléwa ẹnu géètì", mo ti rí "ọlọ́kadà". Ìyá kan láti Òkè-Àró kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ọmọ wa ń kọrin nínú kẹ̀kẹ́ bí wọ́n ṣe ń lọlé, òun wá bi wọ́n pé iléèwé wo ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí onímárúwá yẹn dáadáa.

Ọjọ́ àbẹ̀wò tàbí lẹ́sìn ọlidé

Ọjọ́ àbẹ̀wò rọrùn láti ṣe: ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àga yíyá, bàlúùnù, bísíkíìtì, ìyá tó fẹ́ á wá wò yín. Ó dára fún ẹni tí iléèwé ẹ̀ lẹ́wà lójú àmọ́ tí òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Aburú ẹ̀ ni pé gbogbo òbí ló mọ̀ pé ẹ ti múra sílẹ̀.

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò wa kan, ìyá kan wọlé, ọmọ kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́wọ́. Kò wo bàlúùnù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lọmọ yìí ti lè tọ̀?" Àǹtí nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, ọmọ náà ti fọwọ́, omi ṣì ń kán lẹ́nu ìka ẹ̀, ìyá ẹ̀ wá béèrè iye tí fọ́ọ̀mù jẹ́. Ó ti lo táàmù kan lọ́dọ̀ wa kó tó sọ fún mi pé ìtọ̀ kankan ò gbọ̀n ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Òun kàn fẹ́ wo ilé ìyàgbẹ́ wa ni, níbi tí ẹnikẹ́ni ò so bàlúùnù sí.

Lẹ́sìn ọlidé ń ná yín lówó àti agbára: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní oṣù kẹjọ, owó tísà, jẹnẹrétọ̀, ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ fi sinmi. Àmọ́ ọmọ ló ń bá yín ṣe ìpolówó níbẹ̀. Ọmọ tó ti mọ orúkọ Àǹtí, tó ti ní ọ̀rẹ́ kan, tó mọ ibi tí omi wà, ó máa nira fún ìyá ẹ̀ láti gbé e lọ síbòmíì ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀yin náà á ti mọ èyí tó ń gé èèyàn jẹ àti èyí tí ikọ́ ń dà láàmú kí wọ́n tó wọ kíláàsì. Tí mo bá ní agbára ẹ̀yọ kan ṣoṣo lọ́dún, lẹ́sìn ni màá mú. Ẹni tí ò bá ní tísà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ọlidé, kó má fipá ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pẹ̀lú Àǹtí tínú ń bí á ṣe ìpalára ju kẹ́ ẹ má ṣe é rárá lọ.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi yín lọ́jọ́ àbẹ̀wò nìyí: "Ṣé òyìnbó nìkan lẹ ń sọ sí wọn?" Àwọn kan ń béèrè pẹ̀lú ìrètí, àwọn mìíràn ń béèrè pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ẹ má parọ́ fún ẹnì kankan. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà praimárì, àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Orin àti àlọ́ wa, Yorùbá ni. Òbí tó bá fẹ́ òyìnbó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ á lọ síbòmíì, mo sì máa ń júwe ọ̀nà fún un.

Bọ́ọ̀sì tàbí aago ìparí

Friedrich Froebel, ará Jámánì tó dá irú iléèwé yìí sílẹ̀ ní 1837, sọ ọ́ lórúkọ tó túmọ̀ sí ọgbà àwọn ọmọdé nígbà tó di 1840. Àwọn bàbá wa ò ro ọgbà kankan. Wọ́n ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ti wá rí i pé orúkọ tiwa ló sọ ohun tí òbí ń rà. Ẹni tó wà nílé, tàbí ẹni tó wà lọ́jà, ló fẹ́ sinmi.

Ẹ wo ọjọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ò jáde kó tó di aago mẹ́rin. Ìyá tó ń ta ata ní Ọjà Ọba ò kó igbá kílẹ̀ tó fẹ́ ṣú. Ẹ̀yin sì ń pa ní aago kan ọ̀sán. Ta ló máa wá gbé ọmọ? Ìdí nìyẹn tí ìyá ń gbé ọmọ lọ sí iléèwé tí ò dára tó tiyín: ẹnìkan dúró tì í níbẹ̀ títí di aago márùn-ún.

Bọ́ọ̀sì wuni lójú, orúkọ iléèwé wà lára ẹ̀, ó ń polówó lójú títì. Owó rírà, epo, awakọ̀, àtúnṣe, ẹni tó máa jókòó ti àwọn ọmọ, ó pọ̀. Tí awakọ̀ bá sì ṣe bákan lọ́jọ́ kan, ìlú á gbọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Àfikún wákàtí ò gbà ju Àǹtí kan tó ṣeé fọkàn tán, ẹní, omi, ohun ìpanu, àti géètì tó ń tì. Ẹ lè gba owó díẹ̀ lé e. Lójú tèmi, iléèwé tí ọmọ ẹ̀ ò tó ọgọ́ta kò nílò bọ́ọ̀sì. Ó nílò aago márùn-ún. Ẹ wádìí lọ́wọ́ òbí márùn-ún tẹ́ ẹ ní báyìí, ẹ bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n ń ṣíwọ́, kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí

Díẹ̀ ni mo ní í sọ níbí. Ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì yín á mú ọmọ ìjọ wá, wọ́n á sì fẹ́ ẹ̀dínwó torí pé ará ni wá. Tẹ́ ẹ bá ń gba Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì pọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu yín dọ́gba níbi méjèèjì, kí orin àárọ̀ yín náà má sì tako ohun tẹ́ ẹ sọ.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, tí kò ní òbí tó máa júwe ẹ̀: báńnà kan ní oríta, Google Maps, lẹ́sìn ọlidé. Kó má lọ sí rédíò, kó má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dínwó, torí iye tó bá fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á máa rántí.

Ẹni tó ti pé ọdún mẹ́ta, tí ọmọ ẹ̀ ń dúró, ṣùgbọ́n tí kíláàsì ò kún: ẹ̀dínwó fún ẹni tó mú ẹni wá, fídíò ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìyá ẹ̀, àti àfikún wákàtí. Kó fojú sí ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kejì pẹ̀lú. Gbogbo wa ń lé oṣù kẹsàn-án bí ẹni pé ìgbà yẹn nìkan lọmọ ń wọlé, bẹ́ẹ̀ owó kòkó ò tíì wọlé fún àwọn tó ń ti Ìdànrè àti abúlé àyíká wá. Láti oṣù kẹwàá lọ ni ọwọ́ wọn máa ń dẹ̀, oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n sì máa ń gbé ọmọ wá. Ẹ fi ààyè kan sílẹ̀ fún wọn.

Ẹni tí èrò ń wọ̀ lọ́dọ̀ tí wọn kì í dúró: kó má ṣe ìpolówó kankan lọ́dún yìí. Kó pe ìdílé mẹ́ta tó lọ, kó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi wọ́n pé kí ló dé, kó má sì jiyàn.

Ní tiwa, a ò lọ sí rédíò lọ́dún yìí. A ti kun ilé ìyàgbẹ́, a ti fi ẹ̀rọ omi kékeré sí i tọ́wọ́ ọmọ lè tó, Àǹtí kan ń dúró títí di aago márùn-ún. Fóònù iléèwé sì ti kúrò nínú báàgì. Orí tábìlì mi ló wà báyìí, ohùn ẹ̀ ò pa mọ́, àwọn ọmọ tó ń sùn sì ti ń mọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀, wọn kì í jí mọ́.